Apá Òsì Àwẹ̀ró

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta

Ó dé. Ẹṣin mi dé. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ kí ọwọ́ mi lè gbà á gbọ́ — ẹṣin mi.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá láàárọ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n tẹ́ pákó sílẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ bẹ̀ ẹ́. Awakọ̀ bú u. Kò dá ẹnì kankan lóhùn. Ó kàn dúró sínú òkùnkùn ọkọ̀, ó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Ìyá Ẹlẹ́ṣin ló fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ inú ọkọ̀ lọ, tó gbá a mọ́ ọrùn, tó sọ nǹkan kan sí i létí. Ni ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi pátákò kọ̀ọ̀kan dán pákó wò, bí ẹni tó ń fi ọmọ ìka wo omi gbígbóná kó tó wẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ṣin ni màmá tó ń sin ẹṣin ní ìpẹ̀kun ìlú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn rán aṣọ ìbora àwọn ẹṣin wọn. Orúnkún wọn ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀ báyìí, wọ́n ń tú agbo ká, wọ́n fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n bí eléyìí. Mo gbé aṣọ lọ, òjò dá mi dúró. Mo rí i tó dìde, tó ṣubú, tó tún dìde. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti ń lọ síbẹ̀ láìwọ ọkọ̀.

Abo ni. Kò tíì pé ọdún kan. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Funfun kékeré kan wà níwájú orí rẹ̀, àfi bíi pé ẹnì kan ki ìka bọ ìyẹ̀fun, tó sì fi tọ́ ọ níbẹ̀.

Atẹ̀wé, ọkọ mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. (Lójú rẹ̀, Bàbá Ìbejì ni mo ń pè é. Nínú ìwé yìí, Atẹ̀wé ni, nítorí iṣẹ́ tó ṣe jẹun nìyẹn, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló sì gba etí ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀.) Ó ti gbà kí n ra ẹṣin. Àmọ́ mo rò pé kò gbà pé ẹṣin yóò dé. Ó wo ẹṣin, ẹṣin wò ó. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o." Ó wá yíjú sí mi: "Ṣé a ó máa kí i láràárọ̀ ni?"

Yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó bébà sí tẹ́lẹ̀ ló wà. Koríko gbígbẹ nílẹ̀, fèrèsé kan, korobá omi. Iye ìgbà tí mo ti lọ yọjú sí i lónìí, ìtìjú ò jẹ́ kí n kà á.

Ọjọ́ Àìkú, 2

Kò jẹ nǹkan kan. Èmi náà ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 3

Ó jẹun! Èèrí tí mo fi omi rin, iyọ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jẹ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan tí mo sá sórí okùn. Kọ́là nìkan. Ó fi ìyókù sílẹ̀ bí ẹni tó mọ ibi tó dùn lára ẹran. Mo ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, mò ń rán kọ́là mìíràn, mò ń dá rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ orúkọ. Atẹ̀wé ní ká máa pè é ní Jẹ-kọ́là. Mo ní rárá o, oríkì ni n óò fún un bí ọmọ gidi — Àwẹ̀ró. Ẹni tí a wẹ̀, tí a sì ró láṣọ. Àbí kí ni mo tún fẹ́ máa ṣe fún un? Atẹ̀wé ní kò burú, àmọ́ òun kíyè sí i pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ki òun kẹ́yìn nínú ilé yìí. Mo bá kì í, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin, ó ń wo ilẹ̀.

Àwọn ìbejì pè wá lórí fóònù láti ibi iṣẹ́ wọn. Mo sọ fún wọn. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, ọ̀kan bi mí pé ta ló máa kó ìgbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì nu ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lónìí. Ìyá Ẹlẹ́ṣin ti kọ́ mi: apá òsì ni wọ́n ń gbà tọ ẹṣin lọ, apá òsì ni wọ́n ti ń fà á, apá òsì náà ni wọ́n ti ń gùn ún. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà nìyẹn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo tilẹ̀ bọ́ bàtà, mo yọ́ wọlé, kí n má baà dẹ́rù bà á. Mo fọwọ́ kàn án léjìká — ó fò! Ó fi ara gbá ògiri, ó ń yí po nínú yàrá bí òkòtó. Ó fún mi mọ́ igun yàrá, èmi náà ò rímú mí dáadáa.

Nígbà tó yí, tí mo bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó dúró. Ó gbé àgbọ̀n lé mi léjìká, ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí mi lọ́rùn. Mo ní ha, a ti di ọ̀rẹ́. Mo yí padà sí apá òsì, ọ̀rẹ́ fò.

Ọ̀rẹ́ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ni mo ṣe fún un?

Ọjọ́bọ̀, 6

Àbúrò mi wá. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí mi lọ. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn Àwẹ̀ró, ó fi ìborùn bo imú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ẹgbẹ́ yín ń ra àga tí wọ́n máa jókòó sí, ẹ̀yin lọ ra èyí tó máa dá yín ní itan." Mo ní kò sẹ́ni tó fẹ́ gùn ún báyìí, ọmọdé ni. Ó ní, "Ṣé ẹ máa pọ̀n ọ́n ni?"

Ibi tó ti ń rojọ́ ni Àwẹ̀ró ti na ọrùn, tó já ìborùn náà gbà, tó ń gbọ̀n ọ́n pàpà bí ẹni tó fẹ́ sá aṣọ. Igbe ni àbúrò mi fi bọnu. Èmi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Nígbà tó ń lọ, ó bu ṣúgà lórí tábìlì mi, ó ní ti òun ti tán nílé. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà, ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi wú bí iṣu. Mo bá a jà. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí. Bí kò bá ṣeé kà, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Mo mú un jáde sí títì. Okùn wà lórí rẹ̀, èmi wà lápá òsì bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́. Àwọn aládùúgbò ń yọjú, mo ti ń gbé orí sókè díẹ̀ — irọ́ kọ́, mo ń yan. Ni oníkẹ̀kẹ́ kan bá ti ẹ̀yìn yọ lápá òsì, kò tẹ agogo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ họ ikùn rẹ̀. Àwẹ̀ró fò sókè bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Okùn fà yọ nínú ọwọ́ mi, ó kó awọ àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo ṣubú. Ìgbà tí n óò fi gbójú sókè, ìrù rẹ̀ nìkan ni mo ń rí.

Ọgbà Káfíńtà àdúgbò wa ló sá wọ̀. Káfíńtà ti géètì, ó na apá méjèèjì, kò sún mọ́ ọn, ó kàn dúró. Nígbà tí mo tiro débẹ̀, Àwẹ̀ró wà láàárín pákó, ó ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ń jò díẹ̀ lójúgun rẹ̀. Káfíńtà bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ ò kú?" Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Atẹ̀wé ò gbọ́ igbe mi. Aládùúgbò ló lọ fọwọ́ tọ́ ọ lára. Ó sáré dé láìwọ bàtà. Ó fọ ọwọ́ mi, ó fi aṣọ dì í, eteetí ṣe rẹ́gí bí ìwé tuntun. Nígbà tó parí ló tó sọ̀rọ̀. Kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, jẹ́ ká dá a padà kó tó pa ọ́."

Mo ní, "Láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ò ti fẹ́ràn rẹ̀."

Ó ní, "Ìwọ ni mo fẹ́ràn."



Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

À ń bára wa yodì. Aṣọ ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wá gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì òní wà lórí tábìlì, mi ò lè mú àlùmọ́gàjí. Mo fi ọwọ́ òsì fa ẹfun sí i, mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Atẹ̀wé wọlé. Kò kí mi. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó ń gé e lọ lójú ẹfun, láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ọwọ́ tó ti gé bébà láti ìgbà èwe, kò gbọ̀n rárá. Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó jáde.

Mo ti ya ẹnu láti dúpẹ́ kí n tó rántí pé à ń jà.

Ọjọ́rú, 12

Nítorí ọwọ́ mi, òun ló ń fún ẹṣin lóúnjẹ. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Ó mú un yí ẹ̀yìnkùlé ká. Àwẹ̀ró ò fò. Kò gbọ̀n. Ó ń tẹ̀ lé e bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta bisikíìtì. Òun tó ní ká dá a padà!

Owú jẹ mí. Ní ọjọ́ orí mi yìí, tí mo ti di ìyá àgbà lójú àwọn kan, mò ń jowú ọkọ mi nítorí ẹṣin.

Ọjọ́bọ̀, 13

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìdí tíì la wà. Ó bi mí bóyá mo ti kíyè sí i pé apá òsì nìkan ni Àwẹ̀ró ti ń fò. Mo ní èmi tó tẹ̀ lẹ́sẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹnikẹ́ni lè mọ̀ ọ́n jù mí lọ ni? Ó fi sùúrù gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ó ní:

"Bí ẹnì kan bá gba apá ọ̀tún yọ sí mi, tí mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣé o mọ bí mo ṣe máa ń fò?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà kan wà tó da ọbẹ̀ sórí oníwàásù.

"Mo mọ ìfò yẹn," ó ní. "Kì í ṣe ìfò ẹni tó kórìíra èèyàn. Ìfò ẹni tí kò mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀ ni."

Apá òsì rẹ̀ ló máa ń fi gbogbo wa sí, níbi tí etí tó gbọ́ràn wà. Bó ṣe ń mú ẹṣin rìn náà nìyẹn: ẹṣin wà ní òsì rẹ̀, òun wà ní ọ̀tún ẹṣin. Èmi wà ní òsì ẹṣin ní gbogbo ìgbà, nítorí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

Mi ò fẹ́ kọ ohun tí mò ń rò.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo lọ dán an wò. Mo rọra ju aṣọ ìnujú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀tún rẹ̀: ó ṣẹ́jú. Mo jù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì: kò ṣẹ́. Mo tún un jù. Mo fi ìka sún mọ́ ọn títí ó fi kù bíńtín kó kàn án.

Ojú tó mọ́, tó ń dán, tí mo máa ń rí ara mi nínú rẹ̀ bíi ti dígí. Mo ti dúró níbẹ̀ bá a sọ pé, "Wò mí, ṣé o ń rí mi?" Ojú yẹn ò rí mi rí.

Mo sì ń bọ́ bàtà, mò ń yọ́ wọlé sí i láti apá yẹn! Mo pe ìyẹn ní pẹ̀lẹ́. Lójú tirẹ̀, àfi bí olè. Mo jókòó sórí koríko, mo sunkún. Ó wá ń fi ètè tú okùn tí mo fi so irun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Dókítà ẹran wá. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kéré, àpò rẹ̀ tóbi. Ó tan iná tín-ín-rín sí ojú náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan gbá a nígbà tó ń wáyé. Kò dùn ún. Kò ní là. Ojú ọ̀tún mọ́ kedere, kò sì sí ìdí tí ohun tó ṣe ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ṣe èkejì. Mo bi í bóyá wọ́n á lè gùn ún tó bá dàgbà. Ó ní ẹni tó bá ní sùúrù á lè gùn ún, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní sùúrù.

Ó ní, "Màmá, ẹ máa sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ohùn yín ni kó máa kọ́kọ́ dé."

Atẹ̀wé dúró ní ọ̀tún wa, kò gbọ́. Ó bi mí lẹ́yìn náà pé kí ni dókítà wí. Mo sọ fún un. Ó ní, "Mo ti ń sọ ọ́ nínú ilé yìí láti ọjọ́ wo!"

Ilé wa rèé: ọ̀kan ò gbọ́ lọ́tùn-ún, ọ̀kan ò ríran lósì. Èmi tí ara mi pé, èmi ni mo ń tiro.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Mo lọ bá Ìyá Ẹlẹ́ṣin. Wọ́n jókòó sórí àga pákó nínú ọgbà tó ti ṣófo. Ẹṣin kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, abo, ẹgbẹ́ Àwẹ̀ró. Mo sọ fún wọn.

"Ìyá rẹ̀," wọ́n ní. "Ìyá rẹ̀ kì í kúrò lápá òsì rẹ̀. Bí wọ́n bá ń jẹko, apá òsì. Bí wọ́n bá sùn, apá òsì. Mo máa ń sọ pé ẹ wo ìfẹ́. Mi ò mọ̀ pé ojú ló ń bá a ṣe."

Omijé dà lójú wọn. Mi ò rò pé wọ́n parọ́. Wọ́n ní kí n má ṣe wulẹ̀ rojọ́: ọ̀rọ̀ ti yé àwọn, kí n mú èyí tó kù yìí, ojú rẹ̀ méjèèjì pé, ọkọ̀ á gbé e wá, á sì gbé Àwẹ̀ró padà.

Mo bi wọ́n pé, níwọ̀n bí wọ́n ti fẹ́ kó lọ, níbo ni Àwẹ̀ró á wá wà? Wọ́n ní, "Àyè á yọ." Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọn ò wo ojú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Àbúrò mi: "Ẹ pààrọ̀ rẹ̀! Ta ló ń ra bàtà ẹsẹ̀ kan?"

Atẹ̀wé: "Ìwọ lo ni ín. Ohun tí o bá ti wí." Kò fi kún un. Mo bínú sí i ju ti ọjọ́ tó ní ká dá a padà lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó kúkú sọ tinú rẹ̀.

Òótọ́ tèmi rèé, níwọ̀n bí kò ti sẹ́ni tó ń gbọ́: mo fẹ́ gun ẹṣin. Láti kékeré ni. Mi ò ní ọjọ́ tó pọ̀ tí mo lè fi ṣòfò. Ẹṣin tó bá ń fò, egungun mi ò lè gbà á. Èyí tí wọ́n fẹ́ fún mi ò ní fò.

Ọjọ́rú, 19

Mò ń sọ̀rọ̀. Kí tilẹ̀ ni èèyàn máa ń bá ẹṣin sọ láti àárọ̀? Mo sọ ìròyìn àwọn oníbàárà mi fún un. Mo sọ ti ìyá ìyàwó tó ní kí n fún aṣọ náà sí i, tí ìyàwó fúnra rẹ̀ yọ́ padà wá sọ pé kí n tú u sílẹ̀ díẹ̀, kí n má sọ fún màmá. Etí òsì Àwẹ̀ró ń bá ohùn mi yí kiri. Etí yẹn ti di ojú.

Mo kọ́kọ́ ń pariwo. Atẹ̀wé yọrí lójú fèrèsé: "Má kígbe mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún mi nìyẹn. Kò gbàgbé èdè, kò kàn rí ọ ni."

Mo fọwọ́ kàn án léjìká òsì. Awọ rẹ̀ gbọ̀n rìrì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ìyá Ẹlẹ́ṣin ránṣẹ́: ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́la. Mo ní kò burú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu mi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Ọkọ̀ dé. Èkejì sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó bí ìyàwó tó mọ̀ pé gbogbo ojú wà lára òun. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, gọ̀gọ̀ rẹ̀ ń dán. Mo fọwọ́ kàn án lọ́tùn-ún, mo fọwọ́ kàn án lósì, ó dúró wámúwámú. Mi ò ní parọ́ fún ìwé yìí: ọkàn mi fò mọ́ ọn. Àwọn aládùúgbò ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Ẹlẹ́ṣin jókòó níwájú ọkọ̀, wọn ò sọ̀ kalẹ̀.

Mo lọ mú Àwẹ̀ró. Mi ò jẹ́ kí awakọ̀ mú un. Mo fi okùn sí i lórí, mo dúró lápá òsì, mo ní, "Èmi rèé o. Èmi ni. A ń lọ sọ́tùn-ún díẹ̀. Géètì rèé. Ilẹ̀ ga níbí o." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń ṣe é. A dé ìdí pákó ọkọ̀. Mo gun pákó, mo ní, "Pákó rèé." Ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó gbé èkejì lé e. Kò dán an wò, kò fà sẹ́yìn. Ọkọ̀ tó dúró nínú rẹ̀ tó kọ̀ jálẹ̀ fún gbogbo ayé, ó ń wọ̀ ọ́ báyìí, wẹ́rẹ́, nítorí èmi ni mo ní kó máa bọ̀.

Ó gba ohùn mi gbọ́. Ohùn mi sì ń mú un lọ síbi tí ẹnì kan ò lè dárúkọ fún mi.

Ẹsẹ̀ mi dúró. Àwẹ̀ró náà dúró. Awakọ̀ ní, "Màmá, ó kù díẹ̀." Mo ní, "Kò kù díẹ̀. Mi ò ṣe mọ́."

Ariwo ta. Àbúrò mi ń pe orúkọ tí òbí wa ń pè mí. Mo tiro lọ síwájú ọkọ̀, èmi àti ẹṣin mi. Mo ní, "Mà, ẹ ṣeun. Èyí tí mo rí lọ́jọ́ òjò yẹn ni mo fẹ́." Ìyá Ẹlẹ́ṣin na ọwọ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n kàn án níwájú orí, níbi funfun yẹn. Wọ́n ní, "Mo gbàdúrà kí o sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ló tì mí láti bẹ̀ ọ́."

Káfíńtà ní òun ní ẹ̀gbọ́n kan tí kò ní kọ ẹṣin olójú méjì, kí wọ́n má gbé e lọ jìnnà. Wọ́n ti lọ jọ sọ̀rọ̀.

Mo wá Atẹ̀wé. Ó ti wọlé lọ. Mo bá a nínú yàrá Àwẹ̀ró, ó ń tẹ́ koríko tuntun, ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Mo yí lọ sí apá òsì rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní ó ti wà nílé wa pátápátá. Ó ní, "Ó dára." Ó tún ní, "Ó dára púpọ̀." Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mo bi í ìdí tó fi fi gbogbo ẹrù yẹn lé mi lórí nìkan. Ó ní bí òun bá ní ká dá a dúró, n óò rò pé nítorí etí òun ni. Bí òun bá sì ní ká pààrọ̀ rẹ̀, òun fúnra òun kò ní yé rò ó.

Mo ní, "Kí lẹ máa máa rò?"

Ó ní kí n fún òun ní tíì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Wọ́n wá gba aṣọ ìyàwó. Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé ẹ rí i bó ṣe fún un dáadáa?" Ìyàwó wo ojú mi, mo wo ojú rẹ̀. Àwẹ̀ró yán láti ẹ̀yìnkùlé. Ìyá ìyàwó fò. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé igbe ẹṣin ń bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Ọwọ́ ti san. Mo nu ara rẹ̀, òsì, ọ̀tún, ikùn, itan. Ó sùn lóòró bí mo ti ń nù ún, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ́ sílẹ̀ bíi ti bàbá àgbà lẹ́yìn oúnjẹ. Ayọ̀ mi kún.

Ọjọ́ Àìkú, 30

Mo ti jókòó ti ìwé yìí tipẹ́ kí n tó kọ nǹkan kan.

A mú un jáde sí títì lónìí, àwa méjèèjì. Èmi wà lósì, mò ń sọ̀rọ̀. Atẹ̀wé wà lọ́tùn-ún, ó fọwọ́ lé e lẹ́yìn. Inú wa dùn. Ó ń sọ ti Káfíńtà fún mi, pé pákó tó fi ṣe ilẹ̀kùn tuntun fún Àwẹ̀ró ò gbẹ dáadáa, pé á wọ́ tó bá yá. Ni ọkọ̀ ńlá kan bá ti ẹ̀yìn wa yọ. Ó fọn fèrè, fèrè tí àwọn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbọ́, tí wọ́n yọjú. Mo pariwo pé, "Ọkọ̀ ni, ọkọ̀ ni, èmi rèé." Àwẹ̀ró gbọ̀n láti orí dé ìrù. Ó fara tì mí. Kò sá. Ó dúró! Mo fẹ́ hó ìhó ayọ̀. Mo gbójú sókè kí n lè rí ojú ọkọ mi.

Kò dúró. Ó ti rìn lọ síwájú, ó ṣì ń sọ ti pákó. Ọkọ̀ náà ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, lápá òsì. Kò wẹ̀yìn. Àfi ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ wá ẹ̀yìn ẹṣin tì ló tó yíjú, tó rí wa, tó rí ọkọ̀, tó fò sí ẹ̀gbẹ́ títì.

A yí padà sílé. Mo so Àwẹ̀ró. Mo bu omi fún un. Atẹ̀wé jókòó sórí korobá tí a dojú rẹ̀ dé. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ gan-an, kí ó lè máa rí ẹnu mi. Mo bi í pé láti ìgbà wo?

Ó ní láti ìgbà díẹ̀. Ó ní etí òsì náà ti ń tẹ̀ lé èkejì lọ. Ó ní ohùn mi lòun ń gbọ́ jù, tèmi àti ti ẹṣin, ìyókù ń dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ó ní òun ò fẹ́ kí n máa dààmú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí mo fẹ́.

Mo gbá ojú rẹ̀ mú. Mo rọra sọ ọ́, mo sì sọ ọ́ ketekete: "Bàbá Ìbejì. Lọ́la, èmi àti ẹ̀yin máa lọ rí dókítà elétí. Ẹ gbọ́?"

Ó wò mí. Ó ní, "Kí lo wí?"

Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣì jókòó síbí, mò ń rò ó bóyá àwàdà ni.